Bearded dragon nínú yàrá: ká tú u sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ká ṣọgbà fún un, àbí kó má jáde rárá?

Ọdún mẹ́rin rèé tí alángbá onírùngbọ̀n kan, èyí tí wọ́n ń pè ní bearded dragon, ti ń bá wa gbé nínú fúláàtì wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ mi ọkùnrin ló bẹ̀ mí títí mo fi gbà, òun náà ló sì sọ ọ́ ní Àgbà, nítorí irùngbọ̀n. Nígbà tí mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé lórí WhatsApp, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn fèsì pé, "Alángbá tó ń sáré lára ògiri wa níbí lo fowó rà yẹn?" Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà. Ìdílé kan náà, Agamidae, ni àwọn onímọ̀ pín bearded dragon àti alángbá tiwa sí, àwọn méjèèjì ló sì máa ń mi orí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ àárín Australia ni ti Àgbà ti ṣẹ̀ wá. Australia kì í jẹ́ kí wọ́n kó ẹranko ilẹ̀ wọn jáde fún òwò, nítorí náà èyí tí ẹ bá rí ní ilé ìtajà ní Britain, inú àpótí ni wọ́n bí i sí, inú àpótí ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ náà sí. Síbẹ̀, ara rẹ̀ ò tíì gbàgbé oòrùn ibẹ̀.

Ìbéèrè tí mo gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni pé: ṣé kí n máa tú u sílẹ̀ kó máa rìn nínú ilé? Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti tọ̀ láàárín ọdún mẹ́rin yìí. Mo ti tú u sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ti fi í sínú àpótí rẹ̀ fún odindi oṣù márùn-ún láì gbé e sílẹ̀. Mo sì ti ṣọgbà kékeré fún un nínú pálọ̀, níbi tó ti ń rìn fún ìgbà díẹ̀ lójú mi. Èyí ẹ̀kẹta ni mo dúró lé, òun ni màá sì sọ fún ọ̀pọ̀ ìdílé pé kí wọ́n mú. Ṣùgbọ́n àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé àpótí nìkan ló tọ́ níbẹ̀, ilé tí ìtúsílẹ̀ gbogbo ọjọ́ sì bá mu wà, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

## Ooru ni ká kọ́kọ́ wò

Ara alángbá kì í dá ooru sílẹ̀ bíi tiwa. Ibi tó bá dúró sí ló ti ń gbà á. Nínú àpótí gíláàsì rẹ̀, abẹ́ gílóòbù tó ti ń yáná gbọ́dọ̀ gbóná tó 38 sí 42 °C, ìkángun kejì á sì tutù dé 22 sí 26 °C. Á máa lọ, á máa bọ̀ láàárín méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀. Pálọ̀ tiwa ńkọ́, nígbà òtútù? Bí mo bá tan hítà, 19 tàbí 20 °C ni. Àwa á wọ súwẹ́tà, ó tó wa. Òtútù gidi nìyẹn fún un.

Mo ra ẹ̀rọ ìwọn-ooru tó dà bí ìbọn, ó jọ èyí tí wọ́n ń nà síwájú orí wa nígbà Kòrónà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo fi tọpa Àgbà. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ iná, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 36. Mo gbé e sórí táìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ó ti di 30. Kó tó pé ìṣẹ́jú 25, ó ti wálẹ̀ sí 25, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wúwo, ó dúró sójú kan, ó tẹ́ ikùn mọ́lẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó, ara ti tù ú." Ara ò tù ú rárá, òtútù ló mú un. Ó ń sọ ara rẹ̀ di dúdú kó lè fa ìwọ̀nba ooru tó bá rí mọ́ra, torí ohun dúdú ń gba ooru ju ohun tó mọ́ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe aago nìkan ni mo gbọ́dọ̀ máa wò. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kan 27, eré parí, ó ń padà sábẹ́ iná nìyẹn.

Ikùn rẹ̀ pàápàá ń fẹ́ ooru. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ìrẹ̀ tán tí a gbé e sílẹ̀ tútù, oúnjẹ á jókòó sínú rẹ̀ láìdà. Nítorí náà, kó tó jáde, ó gbọ́dọ̀ ti yáná fún bíi wákàtí kan, bó bá sì jẹun, mo máa ń jẹ́ kí wákàtí méjì kọjá. (Bẹ́ẹ̀ ni, ìrẹ̀, èyí tí àwa ń gbẹ́ nínú ihò nígbà èwe tí a ń sun jẹ. Níbí, inú ike kékeré ni wọ́n ti ń tà á láàyè fún oúnjẹ alángbá.)

Lẹ́yìn ooru, ó ku UVB, ìtànṣán kan nínú oòrùn tí ojú wa kò rí. Òun ló ń jẹ́ kí awọ ara rẹ̀ ṣe fítámì D3, D3 yìí ló sì ń mú kí kálísíọ́ọ̀mù wọ egungun. Gíláàsì fèrèsé ń dí UVB mọ́ ìta, kódà nígbà tí oòrùn bá ń ràn gan-an. Alángbá tó ń jókòó sí ojú fèrèsé lójoojúmọ́ á móoru, á sì wuni í wò, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ lè máa rọ̀ lábẹ́lẹ̀ títí àgbọ̀n á fi wú tí ẹsẹ̀ á tẹ̀. Ẹ má fi fèrèsé rọ́pò iná UVB. Iná náà pàápàá, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, torí UVB inú rẹ̀ máa ń tán ṣáájú kí ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí tó kú.

## Ìtúsílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì la bẹ̀rẹ̀ èyí. Pálọ̀ móoru fúnra rẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn àpótí sílẹ̀, mo fi pákó kan ṣe àtẹ̀gùn fún un. Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ wa. Bearded dragon fẹ́ràn láti gun nǹkan. Ní Australia, orí òpó ọgbà àti kùkùté igi ni wọ́n ti máa ń bá a tó ń yáàrùn. Ní tiwa, ẹ̀yìn sófà ni. Á gùn ún, á gbórí sókè, á máa wo gbogbo wa bí baálẹ̀. Bí ilé rẹ bá móoru tí gbogbo rẹ̀ sì wà létòlétò, ìwà alángbá á hàn sí ọ lọ́nà tí gíláàsì kò lè fi hàn láé.

Oṣù kẹwàá ló dé, òtútù sì bẹ̀rẹ̀. Irun dídì ni mo fi ń kún owó oṣù, ilé ni mo sì ti ń dì í ní òpin ọ̀sẹ̀. Ní Sátidé kan, oníbàárà mi lọ tán ní ìrọ̀lẹ́, mo gbálẹ̀, mo ní kí n ti ilẹ̀kùn Àgbà, kò sí níbẹ̀. A wo abẹ́ sófà, a wo inú bàtà, a tú aṣọ ìdọ̀tí dànù sílẹ̀ níbi ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó ń lọ sí aago mọ́kànlá òru kí ọmọ mi tó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn fíríìjì, ibẹ̀ la ti rí ìrù. Ibi tí mọ́tò fíríìjì ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló lọ lẹ̀ mọ́. Ooru ló ń wá kiri láti ọ̀sán, ibẹ̀ nìkan ló sì ti rí i.

Nígbà tí mo fà á jáde, okùn aláǹtakùn bò ó nímú. Mo wá rí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti apá òsì. Fọ́nrán irun àtọwọ́dá kan, èyí tí mo fi dirun fún oníbàárà mi lọ́sàn-án, ti lọ́ mọ́ ọmọ ìka rẹ̀ kan nígbà mẹ́ta, ó ti wọlé sínú ẹran. Ìka náà ti wú, ó pọ́n, ó ń lọ sí dúdú. Ọmọ mi di tọ́ọ̀ṣì mú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ki sísọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n fi ń gé èékánná bọ abẹ́ fọ́nrán náà díẹ̀díẹ̀, mo gé e, mo fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ìka náà. Lọ́jọ́ Ajé, dókítà ẹranko sọ pé ká ní ó fi ọjọ́ méjì sí i wà bẹ́ẹ̀ ni, ìka náà ì bá gbẹ já. Ó ṣì ní i títí dòní, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ díẹ̀.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irun lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé ìtọ́jú máa ń ka wáyà iná, ilẹ̀kùn tó ń pàdé, àga tó ń ká sẹ́yìn, ìwọ̀nyí náà sì léwu lóòótọ́. Àga tó ń ká sẹ́yìn burú jù nínú wọn, torí abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó há, irú ibi tí alángbá fẹ́ sá pamọ́ sí gan-an ni, ẹni tó bá sì jókòó lójijì kò ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Àwọn nǹkan kéékèèké tún wà: yẹtí, ìlẹ̀kẹ̀, rọ́bà, oògùn oníhóró tó já bọ́. Ahọ́n ni bearded dragon fi ń yẹ nǹkan wò, ohun tó bá sì dán tàbí tó pọ́n, á fẹ́ gbé e mì. Bó bá di í nífun, iṣẹ́ abẹ ló kù. Òdòdó inú ilé náà wà níbẹ̀: dieffenbachia àti oleander kò yẹ kó sí ní yàrá tí alángbá ti ń rìn. Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ tànnátànná tó ń wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oró inú ẹyọ kan lè pa bearded dragon.

Owó iná náà ńkọ́? Gílóòbù 100 wáàtì tó tàn fún wákàtí 10 nínú àpótí á jẹ yúníìtì kan. Hítà 2,000 wáàtì tó ń mú gbogbo yàrá gbóná fún wákàtí 10 kan náà lè jẹ tó 20 bí kò bá kú rárá. Bó tilẹ̀ jẹ ìdajì rẹ̀, ó ṣì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, yàrá náà ò sì ní dé 40 °C tí alángbá ń wá.

Ta ni mo lè sọ fún pé kó ṣe é? Ẹni tó ní yàrá kan tí kò sí nǹkan míì nínú rẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pàdé dáadáa, tó gbé gílóòbù agbóná àti iná UVB kọ́ sí igun kan kí alángbá lè máa lọ yáná nígbà tó bá fẹ́, tí kò ní ológbò, tí kò ní ọmọ kékeré, tí alángbá rẹ̀ sì ti dàgbà. Ní alẹ́, inú àpótí ni kó ti sùn. Ọmọ alángbá kò yẹ fún un rárá: ó kéré, ara rẹ̀ ń tutù kíákíá, ihò ìka ọwọ́ ló lè wọ̀.

## Kó má jáde rárá

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìkà ni èyí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí mo fi rí i pé ohun tí mo ń pè ní "ó fẹ́ jáde" kì í sábà jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àpótí tí wọ́n tà fún wa pẹ̀lú Àgbà gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tó tà á ní á tó o títí ayé rẹ̀. Kò pẹ́ tí Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì họ gíláàsì láti òwúrọ̀, á nàró, á já bọ́, á tún nàró. Àánú ń ṣe wá, a máa ń gbé e jáde. Bearded dragon tó dàgbà máa ń gùn tó 45 sí 60 sẹ̀ǹtímítà pẹ̀lú ìrù rẹ̀, nítorí náà kò lè yípo nínú ohun tí wọ́n tà fún wa. Ó kéré tán, 120 sẹ̀ǹtímítà ní òró, 60 ní ìbú, 60 ní gíga ló yẹ ẹ́. Nígbà tí a rà á tí a fi ẹ̀ka igi, àpáta àti ibi ìsápamọ́ sínú rẹ̀, ìhọgíláàsì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dópin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá ń họ gíláàsì, ẹ kọ́kọ́ wo àpótí: ṣé ó há, ṣé ó gbóná jù ní ìkángun méjèèjì, ṣé ó ń rí òjìji ara rẹ̀ nínú gíláàsì tó sì rò pé akọ mìíràn ló ń bá òun jà? Gbígbé e jáde kò wo èyíkéyìí nínú wọn sàn.

Òfin ìtọ́jú ẹranko tí wọ́n ṣe ní 2006, tó ń ṣiṣẹ́ ní England àti Wales, sọ pé ẹni tó ń sin ẹranko gbọ́dọ̀ pèsè ibùgbé tó yẹ fún un àti àyè láti hùwà bí irú rẹ̀ ṣe ń hùwà. Àpótí tó tóbi, tó gbóná, tó ní ibi gígùn àti ibi wíwalẹ̀, lè ṣe gbogbo ìyẹn. Kò pọn dandan kó rìn ní pálọ̀.

Ìdí tó mú mi ṣe é fún oṣù márùn-ún ni pé àbúrò mi bímọ, ó sì wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ìfun alángbá tí ara rẹ̀ le koko lè ní Salmonella nínú, kòkòrò àìsàn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ènìyàn. Alángbá náà kò ní ṣàìsàn, ẹ ò sì ní mọ̀. Ní 2024, CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, kéde pé Salmonella tó ti ọ̀dọ̀ bearded dragon wá ti ran àwọn ènìyàn ní ìpínlẹ̀ mélòó kan, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọ ọwọ́ kò nílò kó fọwọ́ kan alángbá. Ẹ̀yin gbé alángbá, ẹ gbé ọmọ, ó parí. Tàbí ọmọ rá kọjá lórí ilẹ̀ tí ikùn alángbá ti wọ́ kọjá, ó sì ti ọwọ́ bọnu.

Nítorí náà, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún bá wà nílé, tàbí àgbàlagbà tó ti lé ní 65, tàbí ẹni tí àìsàn tàbí oògùn ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára, àpótí nìkan ni kí ẹ yàn. Kì í ṣe ìyà ni ẹ fi ń jẹ alángbá. Oṣù márùn-ún yẹn, Àgbà jẹun, ó bọ́ awọ, ó sanra díẹ̀. Àwa ni àárò rẹ̀ lórí sófà ń sọ.

## Ọgbà alágbèéká

Èyí ni mo padà sí nígbà tí àbúrò mi kó lọ sí ilé tirẹ̀. Irú ọgbà tí wọ́n ń ta fún ọmọ ajá tàbí ehoro lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má mú èyí tó jẹ́ àwọ̀n wáyà. Á gùn ún bí àkàbà, ìka rẹ̀ sì lè há. Èyí tó ń dán ló dára. Tèmi jẹ́ páànù oníke mẹ́fà tí mo so pọ̀, gíga rẹ̀ jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, ó sì gba ilẹ̀ tó bí ẹní ẹlẹ́ni-méjì.

Ohun tó mú kí ó ṣiṣẹ́ ni ibi tí mo gbé e sí. Àpótí rẹ̀ wà lórí tábìlì kúkurú, mo sì to ọgbà náà mọ́ iwájú rẹ̀ gan-an, débi pé ilẹ̀kùn àpótí ń ṣí sínú ọgbà, pákó àtẹ̀gùn sì wà láàárín. Bí òtútù bá ti ń mú un, kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, ó mọ ọ̀nà ilé. Lọ́jọ́ kìíní, ó rìn yípo lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ahọ́n tọ́ gbogbo igun wò, ó gun àpótí bàtà tí mo dojú rẹ̀ dé, ó dúró. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú 18, ó yí padà, ó gun pákó, ó lọ tẹ́ ara rẹ̀ sábẹ́ iná. Èmi àti ọmọ mi wo ara wa. Ìgbà tí mo ti ń tú u sílẹ̀ látàárọ̀, ẹ̀yìn fíríìjì ló ń wá lọ.

Ìṣẹ́jú 20 sí 30 tó, bíi ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ẹ jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má dúró lé e lórí. Ojú kẹta kan wà ní àtàrí rẹ̀, ó dà bí ìpẹ́ kékeré tó mọ́ díẹ̀, kò lè rí àwòrán ṣùgbọ́n ó mọ òjìji. Ohunkóhun tó bá bò ó láti òkè lójijì, àṣá ni lójú rẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti na ọwọ́, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ikùn rẹ̀ àti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Bí mo ṣe rí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

| | Ìtúsílẹ̀ gbogbo ọjọ́ | Ọgbà alágbèéká | Àpótí nìkan |
|---|---|---|---|
| Ooru | Ó ṣòro, owó iná sì ga | Ó wà nítòsí, alángbá mọ ọ̀nà rẹ̀ | Ó pé |
| UVB | Kò sí, àfi kí ẹ gbé e kọ́ | Kò sí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò pa á lára | Ó pé |
| Ìjàǹbá | Ó pọ̀ | Díẹ̀, bí ẹ bá jókòó tì í | Ó ṣọ̀wọ́n |
| Ìgbẹ́ àti Salmonella | Níbi gbogbo | Orí ẹní kan | Inú àpótí |
| Àkókò yín | Látàárọ̀ dalẹ́ | Bíi ìṣẹ́jú 30 | Ìmọ́tótó nìkan |

## Ohun tí ẹ ó tẹ́ sílẹ̀

Ẹ má gbé e sórí ilẹ̀ lásán. Táìlì ń fa ooru kúrò lára rẹ̀ ju gbogbo ilẹ̀ yòókù lọ, ẹ ti rí i nínú ohun tí mo wọ̀n. Pákó ìtẹ́lẹ̀ tó ń dán kò tutù tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa là sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ń wẹ̀ lódò, ìgbáròkó ló ń jìyà rẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì móoru, ó sì dì í lẹ́sẹ̀ mú. Àléébù rẹ̀ ni pé èékánná ń há sínú òwú, irun ń fara pamọ́ síbẹ̀, bó bá sì yàgbẹ́ síbẹ̀, ẹ ò lè fọ̀ ọ́ dénú. Mo gbìyànjú ẹní oníke tí a máa ń gbé wá láti ilé. Ó dára, ó rọrùn láti fọ̀, àfi etí rẹ̀ tó ti ń tú tó fẹ́ mú un ní ìka. Èyí tí mo ń lò báyìí ni ẹní onírọ́bà tí wọ́n fi ń ṣeré ìdárayá. Kò yọ̀, kò tutù, kò ní òwú. Inú báàfù ni mo ti ń fọ̀ ọ́, mo sì máa ń fi bílíìṣì fọ báàfù náà lẹ́yìn rẹ̀. Ohunkóhun tó jẹ́ ti alángbá kò gbọdọ̀ wọ síǹkì ìdáná.

Nípa gíga: alángbá inú òwe já bọ́ látorí ìrókò, ó ní bí ẹnì kan ò yin òun, òun á yin ara òun. Bearded dragon kò ní ara fún ìyẹn. Ó wúwo, ara rẹ̀ fẹjú, bó bá já bọ́ látorí tábìlì oúnjẹ, ó lè ṣèṣe ní ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí ní àgbọ̀n. Ohun tó bá máa gùn nínú ọgbà, kó má ga ju orúnkún ọmọdé lọ, kó sì jìnnà sí etí ọgbà kó má baà fò kọjá.

Okùn tí wọ́n ń so mọ́ ọn láyà wúlò bí ẹ bá ń gbé e lọ sínú oòrùn níta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú ilé, ẹsẹ̀ àga ló máa ń lọ́ mọ́. Ẹ má so ó mọ́lẹ̀ kí ẹ sì kúrò nítòsí.

Ológbò kò gbọdọ̀ sí ní yàrá kan náà, kódà ológbò tó "kì í ṣe nǹkan kan." Kòkòrò àìsàn tó wà lẹ́nu àti léèékánná ológbò lè pa alángbá láti ojú egbò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ má sì kó bearded dragon méjì sínú ọgbà kan pọ̀ kí wọ́n lè "ṣeré." Wọn kì í ṣeré. Èyí tó gun orí èkejì ń lé e kúrò níbi ooru ni.

## Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mi ò rí ibi tí òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ mu ju ibí lọ. Ṣùgbọ́n bearded dragon máa ń fi àmì díẹ̀ hàn fún ẹni tó bá fara balẹ̀. Bí irùngbọ̀n rẹ̀ bá dúdú tó sì wú, inú ń bí i tàbí ẹ̀rù ń bà á. Bí ilà dúdú bá yọ níkùn rẹ̀, ara ń ni ín. Bó bá ń gbé ọwọ́ kan sókè tó ń jù ú yípo díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹríba fún ohun kan tó rí pé ó ju òun lọ, ẹ wo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Bó bá la ẹnu sílẹ̀ lábẹ́ iná, ó gbóná tó nìyẹn, kò sí ewu. Bó bá la ẹnu sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù tàbí tí itọ́ ń yọ níbẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, àyà rẹ̀ lè ti kún. Èyí tó bá dákẹ́ jù, tó dúdú, tó tẹ́, tí ojú rẹ̀ ń pa dé, kò gbádùn ìjáde náà. Ẹ gbé e padà síbi ooru láì dúró de aago.

Ní tèmi, kí n tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, mo máa ń kúnlẹ̀, màá fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí ẹní náà láti etí dé etí, títí mo fi máa rí i pé kò sí fọ́nrán irun kankan tó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ní Sátidé tí mo bá dirun, kì í jáde rárá. Ó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí mo bá ti fi ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ọmọ mi náà sì ti fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ẹsẹ̀ sófà wò.